Oríkèé Titun, Òkè Àtijọ́

Bí ènìyàn bá dé ìlú Ìdànrè ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, ohun àkọ́kọ́ tí yóò gba ojú rẹ̀ ni àwọn àpáta ńláńlá tí wọ́n yí ìlú náà ká. Lórí àwọn òkè wọ̀nyí ni àwọn baba ńlá Ìdànrè tẹ̀dó sí ní ayé àtijọ́. Ibẹ̀ ni ààfin Ọ̀wá wà. Ibẹ̀ ni wọ́n gbé bímọ, ibẹ̀ ni wọ́n gbé ṣòwò, ibẹ̀ ni wọ́n sì sin àwọn òkú wọn sí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún ni àwọn ará ìlú bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀ kalẹ̀ wá sí pẹ̀tẹ́lẹ̀, níbi tí ìlú wà lónìí. Síbẹ̀ òkè náà kò di ohun ìgbàgbé. Àwọn àlejò ń lọ wò ó, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń bá olùkọ́ wọn lọ síbẹ̀, bí ọdún ìbílẹ̀ bá sì dé, ọmọ Ìdànrè a tún padà gòkè lọ sí ilé àwọn baba rẹ̀. Àtẹ̀gùn tí ó lé ní ẹgbẹ̀ta (600) ni ẹni tí ó bá fẹ́ dé òkè yóò gùn, a sì ṣe àwọn ibi ìsinmi sí ojú ọ̀nà fún ẹni tí ó bá rẹ̀.

Fún ọ̀dọ́mọdé, eré ni gígun àtẹ̀gùn yìí. Ṣùgbọ́n fún ẹni tí oríkèé ìgbáròkó tàbí ti orúnkún rẹ̀ bá ti bàjẹ́, àtẹ̀gùn kan ṣoṣo tó ìyà í jẹ ènìyàn. Ẹni tí ó ti ń gun òkè láti ìgbà èwe rẹ̀ yóò wá di ẹni tí ń jókòó sí ìsàlẹ̀ nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ń lọ. Yóò máa gbọ́ ohùn wọn lókè, kò sì ní lè bá wọn débẹ̀. Irú ìjókòó bẹ́ẹ̀ a máa dunni ju irora lọ, nítorí pé ara ni irora ń mú, ṣùgbọ́n ọkàn ni ìyapa kúrò láàárín ẹgbẹ́ ẹni ń bá jà. Ní ayé àtijọ́, kò sí ohun tí a lè ṣe sí i ju kí a máa fi òróró pa ibẹ̀ lọ. Lónìí, àwọn oníṣègùn lè yọ oríkèé tí ó bàjẹ́, kí wọ́n sì fi titun rọ́pò rẹ̀. Ìbéèrè tí ó wá kù ni èyí: ǹjẹ́ ẹni tí a ṣe irú iṣẹ́ abẹ bẹ́ẹ̀ fún lè tún gun òkè? Ó lè gùn ún. Ṣùgbọ́n kò lè gùn ún bí ẹni tí kò sí ohun tí ó ṣe é rí. Ó ní ẹ̀kọ́ tí yóò kọ́kọ́ kọ́.

Oríkèé ni ibi tí egungun méjì gbé pàdé tí wọ́n sì ń yí. Oríkèé ìgbáròkó dà bí odó àti ọmọ odó: orí egungun itan rí róbótó, ó sì wọ inú ihò tí ó wà lára egungun ìgbáròkó, níbi tí ó ti ń yí síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ti orúnkún yàtọ̀ sí i. Òun ń ká, ó sì ń nà bí ìlẹ̀kùn ti ń ṣí tí ó sì ń padé. Ìbora kan wà lórí àwọn egungun wọ̀nyí, tí ó funfun, tí ó ń dán, tí ó sì ń yọ̀. Omi díẹ̀ sì wà láàárín wọn gẹ́gẹ́ bí epo ti ń wà nínú ẹ̀rọ. Bí ìbora yìí bá jẹ tán, egungun yóò máa ha egungun. Ìgbà náà ni ẹsẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí tiro, tí oorun òru yóò sì di ohun àwátì.

Ohun tí ń fa ìbàjẹ́ yìí pọ̀. Ọjọ́ orí wà níbẹ̀. Làkúrègbé wà níbẹ̀. Ìṣubú àti ìjàm̀bá ọkọ̀ sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Láàárín àwọn ènìyàn dúdú, ìdí mìíràn tún wà tí ó yẹ kí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀. Àwọn kan wà tí ẹ̀jẹ̀ wọn jẹ́ SS, àrùn tí àwọn àgbà ń pè ní arọmọléegun. Ẹyọ ẹ̀jẹ̀ pupa tí ó yẹ kí ó rí roboto a máa tẹ̀ bí dòjé nínú ara wọn, a sì máa dí àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín. Bí èyí bá ṣẹlẹ̀ sí àwọn iṣan tí ń bọ́ orí egungun itan, egungun náà yóò kú díẹ̀díẹ̀, bí ẹ̀ka igi tí omi kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ mọ́. Ìdí nìyí tí ẹni tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún fi lè nílò oríkèé titun. Nítorí náà, ẹni tí ó bá rí ọ̀dọ́ tí ń fi ọ̀pá rìn kò gbọdọ̀ fi í ṣẹ̀sín. Kò mọ ohun tí egungun náà ti fojú rí.

Ó pẹ́ tí àwọn oníṣègùn ti ń wá ọ̀nà láti ṣe oríkèé àtọwọ́dá. Ní 1890, ní ìlú Berlin ní Jámánì, Themistocles Gluck fi eyín erin gbẹ́ oríkèé orúnkún, ó sì fi í sí ara aláìsàn. Ọgbọ́n náà dára, ṣùgbọ́n irú àrùn tí ń fa ikọ́ ẹ̀gbẹ ti wà nínú egungun àwọn tí ó ṣe é fún, iṣẹ́ náà kò sì tọ́jọ́. Ní 1946, ní ìlú Paris, àwọn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò méjì tí orúkọ ìdílé wọn ń jẹ́ Judet fi ike ṣe orí egungun itan. Àwọn aláìsàn rí ìtura, ṣùgbọ́n ike náà a máa jẹ, a sì máa fọ́. A sọ ìtàn ọkùnrin kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí a fi irú oríkèé yìí sí lára. Nígbàkígbà tí ó bá tẹ̀ síwájú nídìí tábìlì, oríkèé náà a máa han tó bẹ́ẹ̀ tí ìyàwó rẹ̀ fi ń dìde kúrò nídìí oúnjẹ. Oníṣègùn kan gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, kò sì jẹ́ kí ó kọjá bẹ́ẹ̀. Ó bi ara rẹ̀ léèrè pé: kí ni ó ń mú un dún? Ó rí i pé híha ni ohun méjì ń ha ara wọn, àti pé ohun tí ó bá ń ha kò ní pẹ́ tú.

Orúkọ oníṣègùn náà ni John Charnley. Ní 1911 ni a bí i ní ìlú Bury, ilé ìwòsàn Wrightington ní agbègbè Lancashire ni ó sì gbé ṣe iṣẹ́ tí ó sọ ọ́ di olókìkí. Ó pinnu láti fi irin tí kì í dípẹtà ṣe orí egungun itan, kí orí náà kéré, kí ó sì máa yí nínú ihò tí a fi ike tí ń yọ̀ ṣe. Ó fi irú sìmẹ́ńtì tí àwọn oníṣègùn eyín ń lò mú méjèèjì mọ́ egungun. Ike tí ó kọ́kọ́ lò ni Teflon, èyí tí a máa ń fi bo inú àwo ìdín-ǹkan kí oúnjẹ má baà lẹ̀ mọ́ ọn. Nǹkan bí ọ̀ọ́dúnrún (300) aláìsàn ni ó fi í sí lára. Ayọ̀ ńlá ṣẹlẹ̀. Àwọn tí kò lè dìde tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí rìn, irora sì fò lọ bí ẹyẹ.

Ṣùgbọ́n ọdún díẹ̀ kò ì tíì kọjá tí ìbànújẹ́ fi dé. Teflon ń jẹ lábẹ́lẹ̀ nígbà tí àwọn tí ó wà lára wọn ń rìn tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rún rẹ̀ sì ń ba ẹran ara tí ó yí i ká jẹ́. Charnley kò sá. Òun fúnra rẹ̀ ni ó tún iṣẹ́ abẹ náà ṣe fún wọn lẹ́yọ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó tilẹ̀ fi àwọn ike wọ̀nyí sínú itan ara rẹ̀ kí ó lè mọ ohun tí wọn yóò ṣe sí ẹran ara. Ní 1962, oníṣòwò kan mú ike mìíràn wá, èyí tí à ń pè ní políẹ́tílíìnì. Charnley kò kà á sí, ṣùgbọ́n Harry Craven, oníṣẹ́ ẹ̀rọ tí ń bá a ṣiṣẹ́, gbé e sórí ẹ̀rọ tí ń ha nǹkan láti dán an wò. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ẹ̀rọ náà fi hà á, síbẹ̀ ibi tí ó jẹ kò tó èyí tí Teflon ń jẹ ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Láti oṣù kọkànlá ọdún 1962 ni Charnley ti ń fi ike titun yìí sí ara aláìsàn, ọ̀nà rẹ̀ sì tàn ká gbogbo ayé. Ní 1968, Frank Gunston, ará Kánádà tí ó bá a ṣiṣẹ́ ní Wrightington, lo irú ọgbọ́n kan náà fún orúnkún. Wọ́n fi Charnley joyè Sir ní 1977, ó sì kú ní 1982.

Ohun kan wà nínú ìtàn yìí tí ẹni tí ó bá ní oríkèé titun gbọ́dọ̀ fi sọ́kàn. Inú àwọn tí a fi Teflon sí lára dùn, nítorí pé irora ti lọ. Síbẹ̀ oríkèé wọn ń tú. Nítorí náà, pé ara kò dun ènìyàn kì í ṣe ẹ̀rí pé gbogbo nǹkan wà bí ó ti yẹ. Ìtura dára, ṣùgbọ́n kò lè jẹ́ ẹlẹ́rìí fún ara rẹ̀. Lórí òkuta yìí ni ọ̀pọ̀ ẹni tí ń kánjú gbé ń fẹsẹ̀ kọ.

Lónìí, a ń ṣe iṣẹ́ abẹ yìí ní Nàìjíríà pẹ̀lú. Ọ̀kan nínú àwọn ibi tí a gbé ń ṣe é ni ilé ìwòsàn egungun tí ó wà ní Igbóbì ní Èkó, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ nígbà Ogun Àgbáyé Kejì gẹ́gẹ́ bí ibi ìtọ́jú àwọn ọmọ ogun tí ó fara gbọgbẹ́. A ó fún aláìsàn ní oògùn tí kì yóò jẹ́ kí ó mọ irora. A ó gé ibi tí ó bàjẹ́ kúrò. A ó sì fi irin àti ike tàbí ohun tí a fi amọ̀ líle ṣe rọ́pò rẹ̀. Iṣẹ́ náà kì í sábà ju wákàtí kan sí méjì lọ. Ní ọjọ́ náà gan-an tàbí ní ọjọ́ kejì, àwọn olùtọ́jú yóò gbé aláìsàn dìde dúró. Ẹni tí kò mọ ìdí rẹ̀ lè rò pé ìkà ni wọ́n, ṣùgbọ́n àánú ni. Bí ẹsẹ̀ bá wà lójú kan fún ìgbà pípẹ́, ẹ̀jẹ̀ lè dì nínú iṣan. Bí ẹ̀jẹ̀ dídì náà bá sì rìn dé ẹ̀dọ̀fóró, ó lè pa ènìyàn.

Láti ọjọ́ yìí ni ẹ̀kọ́ ìrìn ti bẹ̀rẹ̀. Bí ọmọ ti ń rá kí ó tó rìn, bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ẹni yìí yóò fi ọ̀pá méjì rìn kí ó tó fi ọ̀kan rìn, yóò sì fi ọ̀kan rìn kí ó tó jù ú sílẹ̀. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni ìpele àkọ́kọ́ yìí máa ń gbà. Ní àkókò yìí, oníṣègùn lè kìlọ̀ fún ẹni tí a tún ìgbáròkó rẹ̀ ṣe pé kò gbọ́dọ̀ jókòó lórí àpótí kúkúrú, kò gbọ́dọ̀ ká ẹsẹ̀ kan lé èkejì, kò sì gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ jù, kí oríkèé titun náà má baà yẹ̀ kúrò ní ipò rẹ̀. Ìkìlọ̀ yìí ṣòro ní ilẹ̀ Yorùbá, níbi tí ọkùnrin ti ń dọ̀bálẹ̀ tí obìnrin sì ń kúnlẹ̀ kí àgbà. Ṣùgbọ́n àṣà wa kò ṣe aláìní ọgbọ́n. Àgbà tí ó bá rí i pé ẹni tí ara rẹ̀ kò yá fẹ́ kúnlẹ̀ yóò sọ pé, “Má kúnlẹ̀, ọmọ mi, ìkíni rẹ ti dé ọ̀dọ̀ mi.” Ọ̀wọ̀ wà nínú ọkàn kí ó tó hàn lórí orúnkún.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ẹni náà lè máa rìn lórí ilẹ̀ tí ó tẹ́jú, kí ó sì máa fi ìwọ̀nba kún un láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀. Bí oṣù mẹ́ta bá pé, tí oníṣègùn sì gbà bẹ́ẹ̀, ó lè bẹ̀rẹ̀ sí gun gegele kékeré. Láti oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń padà sí ojú ọ̀nà òkè, ṣùgbọ́n agbára ẹsẹ̀ lè máa pọ̀ sí i títí ọdún kan yóò fi pé. Ara kì í dọ́gba. Ohun tí ẹnì kan ṣe ní oṣù mẹ́ta lè gba ẹlòmíràn ní mẹ́fà. Bí ẹnì kan bá ti ń tiro fún ọdún márùn-ún kí a tó ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, iṣan itan àti ti ìdí rẹ̀ yóò ti tín-ín-rín. Oníṣègùn lè pààrọ̀ egungun ní wákàtí méjì, ṣùgbọ́n kò lè fún ènìyàn ní iṣan titun. Ẹni tí ó ni ara ni yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ tún un kọ́: yóò máa dìde lórí àga kí ó sì tún jókòó, yóò máa gun àtẹ̀gùn ilé, yóò máa fi ẹsẹ̀ kan dúró. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Irú ènìyàn mẹ́ta ni a máa ń rí nínú àwọn tí ó ní oríkèé titun. Èkínní ni ẹni tí ẹ̀rù ń bà. A ti tún ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe, ṣùgbọ́n ó jókòó sórí àga bí ẹni tí a kò tún ohunkóhun ṣe fún. Ó ń tọ́jú oríkèé náà bí aṣọ ọdún, iṣan rẹ̀ sì ń rọ sí i. Èkejì ni ẹni tí ń kánjú. Ní ọ̀sẹ̀ kẹjọ, ó rí i pé irora ti lọ, ó sì rò pé agbára ti dé. Ó mú ọ̀nà òkè pọ̀n, ó dé téńté, ó sì hó ìhó ayọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó ń bọ̀ nílẹ̀, itan rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀, egungun tí ó yí irin náà ká sì ṣẹ́. Irú ìṣẹ́ báyìí ṣòro láti tún ṣe ju iṣẹ́ abẹ àkọ́kọ́ lọ. Bí a bá gun igi kọjá ewé, ilẹ̀ ni a ó bá ara wa. Ẹ̀kẹta ni ọlọ́gbọ́n. Kò bẹ̀rù òkè, kò sì fi ojú tín-ín-rín òkè. Ó ń gun ìwọ̀nba lónìí, ó ń wo bí ara rẹ̀ yóò ti rí lọ́la, lẹ́yìn náà ni yóò sì tó fi kún un.

Ohun tí ọlọ́gbọ́n yìí mọ̀ tí oníkánjú kò mọ̀ ni pé ìsọ̀kalẹ̀ le fún oríkèé ju ìgòkè lọ. Nígbà tí a bá ń gòkè, àyà ni ó ń lù kìkì, èémí sì ni ó ń tán; nítorí náà a rò pé ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá ń sọ̀ kalẹ̀, ìwúwo ara ń já lu orúnkún ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan, iṣan itan sì ní láti dì í mú. Àwọn onímọ̀ ní Berlin fi ohun èlò ìwọ̀n sínú oríkèé orúnkún àtọwọ́dá kan náà tí wọ́n fi sí ara aláìsàn, wọ́n sì ka ohun tí ó ń sọ. Ní 2010, wọ́n kéde pé bí ènìyàn bá ń rìn lórí ilẹ̀ tí ó tẹ́jú, ẹrù tí ó ń bọ́ sórí orúnkún rẹ̀ tó ìlọ́po méjì àbọ̀ ìwúwo ara rẹ̀. Bí ó bá ń gun àtẹ̀gùn, ó lé díẹ̀ ní ìlọ́po mẹ́ta. Bí ó bá sì ń sọ̀ kalẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta àbọ̀. Ẹni tí ó wọn kìlógírámù 70 ń gbé nǹkan bí kìlógírámù 240 lé orúnkún rẹ̀ ní ìgbésẹ̀ ìsọ̀kalẹ̀ kan. Èyí fẹ́rẹ̀ẹ́ tó àpò sìmẹ́ńtì márùn-ún. Bí a bá wá fi àtẹ̀gùn tí ó lé ní ẹgbẹ̀ta sọ ọ́ di púpọ̀, ó yé ni ìdí tí orúnkún ọ̀dọ́mọdé pàápàá fi ń gbọ̀n nígbà tí ó bá sọ̀ kalẹ̀ láti Òkè Ìdànrè.

Ọgbọ́n wà tí a lè fi dín ẹrù yìí kù. Ọ̀pá méjì, ọ̀kan ní ọwọ́ kọ̀ọ̀kan, a máa gba nínú ìwúwo ara. Ìwádìí kan tí a ṣe ní 1999 fi hàn pé ní ibi ìsọ̀kalẹ̀, ọ̀pá méjì lè gba láti 12 dé 25 nínú ọgọ́rùn-ún ẹrù tí ó yẹ kí ó bọ́ sórí orúnkún. Nítorí náà, ọ̀pá kì í ṣe ohun ìtìjú. Ìgbésẹ̀ gbọ́dọ̀ kúrú, bàtà gbọ́dọ̀ di ilẹ̀ mú, ẹrù ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ fúyẹ́. Ní ibi àtẹ̀gùn, àwọn olùtọ́jú ní òfin kan tí ó rọrùn láti rántí: ẹsẹ̀ tí ó le ni yóò ṣáájú lọ sókè, ẹsẹ̀ tí a tún ṣe ni yóò ṣáájú wá sílẹ̀. Bí òjò bá rọ̀ tí àpáta sì ń yọ̀, ilé ni ó dára jù. Èyí tí ó sì tóbi jù nínú gbogbo rẹ̀ ni pé kí ènìyàn má ṣe ná gbogbo agbára rẹ̀ sórí ìgòkè. Ẹni tí ó bá ti lo ìdajì agbára rẹ̀ láìtíì dé téńté gbọ́dọ̀ ní ìgboyà láti yí padà. Òkè kò lọ síbì kan. Yóò wà níbẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.

Àwọn ènìyàn a máa bèèrè pé: ìgbà wo ni oríkèé náà yóò gbó? Ní 2019, ìwé àwọn oníṣègùn tí a ń pè ní Lancet gbé ìwádìí jáde, èyí tí ó fi hàn pé nínú ọgọ́rùn-ún oríkèé ìgbáròkó àtọwọ́dá, nǹkan bí 58 ni ó ń lò tó ọdún 25. Ti orúnkún sì tó nǹkan bí 82. Èyí jẹ́ ìròyìn ayọ̀, ṣùgbọ́n ó jẹ́ ìkìlọ̀ pẹ̀lú. Egungun ààyè a máa tún ara rẹ̀ ṣe. Irin àti ike kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tí a bá jẹ níbẹ̀ ti tán. Nítorí náà ni àwọn oníṣègùn fi gba ìrìn òkè láyè, ṣùgbọ́n tí wọn kì í fẹ́ kí ẹni tí ó ní oríkèé àtọwọ́dá máa fò láti orí àpáta tàbí kí ó máa sáré sọ̀ kalẹ̀ lójú òkè. Bí olówó bá ń ná owó tí kò ní rí òmíràn, yóò mọ ohun tí ó ń fi í rà. Ẹni tí ó bá fi ìgbésẹ̀ rẹ̀ ra ojú òkè, àfẹ́fẹ́ tútù, àti àárín ẹgbẹ́ rẹ̀ kò fi ṣòfò. Ẹni tí ó fi í ra ìyangàn ni ó fi ṣòfò.

Àwọn àmì kan wà tí a kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú. Bí ẹ̀yìn ojúgun bá wú tí ó sì ń dunni, tàbí bí èémí bá há lójijì, a gbọ́dọ̀ sáré lọ sí ilé ìwòsàn. Bí ojú ọgbẹ́ bá ń ṣọyún, bí ibà bá dé, tàbí bí irora titun bá bẹ̀rẹ̀ ní itan tàbí ní ìgbáròkó lẹ́yìn ọ̀pọ̀ oṣù ìtura, oníṣègùn gbọ́dọ̀ gbọ́. Egbò kékeré tí ẹlòmíràn lè fojú fò kò yẹ kí ẹni yìí fojú fò, nítorí pé kòkòrò àrùn lè gba inú ẹ̀jẹ̀ lọ dé ibi tí irin wà, kí ó sì fi ibẹ̀ ṣe ilé.

Ojúṣe àwọn ọ̀dọ́ nínú ọ̀ràn yìí kò kéré. Bí ẹgbẹ́ kan bá ń gun òkè, tí ẹni tí ó ní oríkèé titun sì wà láàárín wọn, ìrìn ẹni tí ó lọ́ra jù ni ó yẹ kí gbogbo wọn máa rìn. Ọ̀dọ́ ni yóò gba ẹrù ẹ̀yìn rẹ̀. Ọ̀dọ́ ni yóò ṣáájú rẹ̀ nígbà ìsọ̀kalẹ̀, kì í ṣe láti sáré, bí kò ṣe láti wà níwájú rẹ̀ bí ẹsẹ̀ bá yọ̀. Bí ó bá sì sọ ní ibi ìsinmi kejì pé ó tó gẹ́ẹ́, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ọ̀rọ̀ dídùn tàn án gòkè. Ẹni tí ó mọ ibi tí agbára òun mọ kì í ṣe ojo.

Ìgbà tí a bá rí àgbà kan tí ó fi ọ̀pá méjì gun Òkè Ìdànrè, tí ó sinmi ní gbogbo ibi ìsinmi, tí ó jókòó ní iwájú ààfin àtijọ́, tí ó sì dìde nígbà tí oòrùn ṣì wà lókè kí ó lè fi ẹ̀sọ̀ sọ̀ kalẹ̀, a mọ̀ pé ẹ̀kọ́ náà ti yé e. Gbogbo ayé ni ó ń yin ẹni tí ó gòkè. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó gòkè tí ó sì padà dé ìsàlẹ̀ ní àlàáfíà nìkan ni ó lè tún gun òkè ní ọdún tí ń bọ̀.

Ìbéèrè lórí àyọkà

1. Kí ni ó mú kí àwọn tí egungun tàbí oríkèé wọn ti bàjẹ́ máa jókòó sí ìsàlẹ̀ òkè, kí sì ni ó dùn wọ́n níbẹ̀ ju irora lọ?
2. Ṣe àlàyé bí àrùn arọmọléegun ṣe ń ba orí egungun itan jẹ́.
3. Ẹ̀kọ́ wo ni a rí kọ́ nínú ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí àwọn tí Charnley fi Teflon sí lára?
4. Kí ni ìdí tí ìsọ̀kalẹ̀ fi le fún orúnkún ju ìgòkè lọ? Dárúkọ ọgbọ́n mẹ́ta tí a lè fi dín ẹrù náà kù.
5. Kọ àròkọ lórí òwe yìí: “Bí a bá gun igi kọjá ewé, ilẹ̀ ni a ó bá ara wa.”